Kànga Àárín Ilé Wa àti Ilé Tíṣà

Nígbà tí mo kéré, tí ẹnu kànga ṣì ga tó àyà mi, kò sí fẹ́ǹsì kankan ní àdúgbò wa ní Ọ̀fà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Bí ìyá mi bá rán mi ní iyọ̀, ẹ̀yìnkùlé onílé ni n ó máa gbà kọjá, n ó sì kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, torí bí mo bá fo ẹnì kan, ẹjọ́ mi á ti délé kí èmi fúnra mi tó dé. Mi ò kàwé púpọ̀, mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni láti ibùdó rélùwéè títí dé ojú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, wọ́n á sọ fún yín pé ògiri tí èmi bá mọ, òjò ni yóò rẹ̀, kò ní rẹ ògiri.

Bíríkìlà ni bàbá tèmi náà. Tíṣà ni baálé ilé kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ, àwa ń lọ mọ́ṣáláṣí. Kànga kan wà láàárín wa tí bàbá tó bí bàbá mi àti bàbá tó bí Tíṣà jọ gbẹ́, ìdajì ẹnu rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ wa, ìdajì wà lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn tó gbẹ́ ẹ fi òfin kan sílẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí a fẹ́ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó bá wọ inú kànga, ọwọ́ ilé kejì ni okùn ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ilé tó bí ọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tí o bá fi ọmọ rẹ lé lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, o ò ní lè bá a jà nígbà òjò.

Ọmọ Tíṣà ni ọ̀rẹ́ mi. Ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ìwé ni ṣáá lójú ẹ̀. Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Kò sí ọmọ tí mi ò lè gbé ṣánlẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ mi, iyanrìn ló máa jẹ. Òun náà ló ń bá mi ṣe ìṣirò tí wọn ì bá fi nà mí.

Lọ́dún kan, ewúrẹ́ wa jẹ ẹ̀fọ́ ìyàwó Tíṣà kanlẹ̀, ni Tíṣà bá ní òun máa mọ fẹ́ǹsì. Ìyẹn ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n bíríkìlà Ẹ̀rìn-Ilé ló lọ pè. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí láàárín àwa àtàwọn. Bàbá mi ní ṣé ọwọ́ òun ti kán ni. Wọn ò kí ara wọn mọ́, wọ́n sì ní kí àwa ọmọ má ṣeré pọ̀ mọ́. Bíríkìlà ti ta okùn ìwọ̀n gba orí kànga kọjá. Wọ́n máa dí i pa, kí kálukú gbẹ́ tiẹ̀. Ojú kànga yẹn nìkan lèmi àti ọ̀rẹ́ mi sì ti ń ríra.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ò dúró de fẹ́ǹsì. Omi di ẹrẹ̀, ó sì di dandan kí ẹnì kan wọ̀ ọ́. Èmi ló kàn. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá mọ́ àyà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti wọ bọ́dìn lọ, Tíṣà wà nínú yàrá, ọ̀rẹ́ mi nìkan ló di okùn mú. Mo kó ẹrẹ̀ náà tán, kò sẹ́ni tó lè kó o bíi tèmi. Ìgbà tí mò ń gòkè bọ̀ ni ihò tí mo fẹsẹ̀ bọ̀ lára kànga ya, mo bá ń rọ̀ dirodiro. Okùn wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ikùn rẹ̀ lọ gbá ẹnu kànga. Kò fi sílẹ̀. Ó figbe pe bàbá rẹ̀.

Tíṣà sáré jáde, ó gbá okùn mú. Èmi ò kúrò lójú kan.

Láìwẹ̀yìn, Tíṣà ní, "Àlájì, ọmọ yín mà wúwo o."

Bàbá mi ti dìde. "Iyán ló ń jẹ, Tíṣà. Kì í jẹ ṣọ́ọ̀kì."

"Ẹ wá bá mi fa iyán yín, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá mi gbá okùn mú; ọjọ́ yẹn ni wọ́n rú òfin. Nígbà tí mo máa fi jáde, àwọn méjèèjì ti ṣubú lu ara wọn nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́ mi ti bó. Kílẹ̀ tó ṣú, Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn ìwọ̀n náà.

Àwọn bàbá wa ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ póli ti kún àdúgbò, ilé alámọ̀ ti di họ́sítẹ́ẹ̀lì, géètì sì wà níbi gbogbo. Èmi ni mo mọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fẹ́ǹsì yẹn, kò sì sí èyí tó sán. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin wá bá mi. Ó ní àwọn ọmọ òun fẹ́ sọ ilé bàbá òun di họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí n bá àwọn mọ fẹ́ǹsì yí i ká, kí n sì dí kànga, àwọn ti gbẹ́ bọ́hóòlù. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ní, "Ọmọ Bíríkìlà, ṣé o máa bá wa ṣe é?"

Mo ní, "Mò ń ro ẹni tí n ó pè bí mo bá tún rọ̀ dirodiro."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mọ ọ́n bó ṣe yẹ.

Mo mọ ọ́n. Nígbà tó dé orí kànga, mo da líńtẹ̀lì, kọnkéré tó ń gbé ògiri ró lórí àlàfo, sókè, mo fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Bí iná bá lọ tí bọ́hóòlù ò ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fà lọ́hùn-ún, àwa ń fà níhìn-ín, a sì ń rí ojú ara wa.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èèyàn ń gbé ilé kan fún ọdún gbáko, kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ fẹ̀yìn ti ògiri kan náà. Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, àbíkẹ́yìn mi wọ kànga, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé kejì, tí mi ò mọ ìlú rẹ̀, di okùn mú. Ó bi mí pé, "Daddy, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ ká apá?"

Mo ní òfin ni. Mo ní kó dì í mú dáadáa, ọmọ wa wúwo.