Aṣọ Àgékù Tí Wọ́n Fi Nu Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí mi, nílé ọkọ mi ní Ìsọlọ̀.

Ìgbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Gbogbo ayé ń ra nǹkan òkè òkun! Èmi rèé, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ní Máfolúkù, pẹ̀lú oyún nínú. Àgékù aṣọ tí ọ̀gá mi bá fẹ́ dà nù ni mo ń kó jọ: àǹkárá, léèsì, àdìrẹ. Mo tò wọ́n pọ̀, mo rán wọn di aṣọ ìbora fún ọmọ mi.

Ṣé ó dára? Ẹ má bi mí! Igun kan gùn ju ìyókù lọ, etí rẹ̀ sì wọ́ bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ sunkún. Léèsì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo rán ní òdì. Àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe parí.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Mo fi aṣọ náà wé ọmọ, mo gbé e jáde. Ni ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Èkìtì wá, bá figbe ta. Wọ́n ní ta ló bí àbíkú nínú ilé yìí?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìyá àbíkú ló máa ń tọrọ àkísà kiri, tí á fi rán aṣọ fún ọmọ, kí ọmọ má baà wu ikú láti mú lọ. Àkọ́bí ni tèmi! Mi ò sin ọmọ kankan rí! Àgékù lásán ni mo rí, mi ò rántí àbíkú rárá.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Màmá ní mi ò mọ iṣẹ́, mi ò mọ àṣà, ikú nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pè. Wọ́n fa aṣọ náà yọ lára ọmọ, wọ́n jù ú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé o!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún gbogbo àlejò. Òjò sì ti rọ̀ láàárọ̀! Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ńkọ́? Àjà ilé ló ń wò.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo ṣà á nílẹ̀, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. Bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí Màmá rà ni wọ́n fi ń wé ọmọ, nínú ooru Èkó! Kíá ni ara ọmọ sú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tó fi padà sínú àgékù mi. Inú rẹ̀ ni Bùnmi mi dàgbà sí, kò sì kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ara Màmá ò le mọ́, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Òkòtà tí a kó lọ. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, wọ́n ń gbọ̀n. Bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun ti gbó dànù tipẹ́.

"Ìyá Bùnmi," wọ́n ní, "aṣọ alágékù yẹn dà? Bá mi mú un wá."

Mo mú un wá. Mo dì í mọ́wọ́.

"Màmá, ẹ nu ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọ inú ẹ̀ o."

Wọ́n wò mí. Omi lé sí wọn lójú. Wọ́n fa etí ìró wọn, wọ́n sì nu ẹsẹ̀ méjèèjì kí n tó fi aṣọ náà bò wọ́n.

Ṣé mo kábàámọ̀? Rárá o! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ rọra máa ṣe o, ọjọ́ ogbó ń bọ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti tẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́lẹ̀ rí? Ẹ kọ tiyín síbí, mo fẹ́ kà á. Tèmi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Igun gígùn yẹn ń wọ́lẹ̀, mi ò sì ní gé e.