Ọjọ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wó Fẹ́ǹsì Mi

Bí òjò bá kọ́kọ́ kan àpáta Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí mi ò gbọ́ níbòmíràn rí, òórùn òkúta gbígbóná àti ewé gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Ẹsẹ̀ àpáta yẹn gan-an ni ilé bàbá mi wà. Gbogbo ọdún mọ́kànlá tí mo fi gbé Èkó, òórùn yẹn ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá ti dárúkọ ilé. Àfi bí mo ṣe padà wálé tán, tó wá ku díẹ̀ kí n fi omi àpáta kan náà pa ènìyàn.

Ìròyìn ló kọ́kọ́ kó sí mi lórí. Ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé, èmi tí mo sì gbé ojú Èkó wálé, mo ní mi ò lè sùn nínú ilé tí ewúrẹ́ ń gba ibi tó wù ú kọjá. Mo pe bíríkìlà kan láti Èmùré pé kó bá mi mọ fẹ́ǹsì yí ilé ká, kó ga, kó má sì ní ihò kankan. Ó wo ilẹ̀ títí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Ó ní, "Ọ̀gá, ojú àgbàrá rèé o. Ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ fún omi." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un? Èmi tí mò ń pòwe yìí, àfi bí ẹni pé èmi nìkan ni onílé ládùúgbò. Rédíò yẹn náà ń kìlọ̀ pé òjò ọdún náà máa le, ṣùgbọ́n ìyẹn ò wọ̀ mí létí, bíríkìlà sì mọ fẹ́ǹsì náà bí mo ṣe fẹ́.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń gbé ilé tó kángun sí tiwa, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Wọ́n ń dá gbé ni, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Láti ìgbà tí mo ti dé, inú mọ́tò ni mo ti máa ń kí wọn, "Màmá, ẹ kú ilé o," n ó sì kọjá lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó yà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni òjò náà dé. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo àgbàlá mi. Omi àpáta ò wọ ibẹ̀ rárá, mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mò ń yangàn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ agogo. Agogo ọwọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń lù nílé ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ta màmá lọ́rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ta ní ń lu agogo ilé ìwé ní Sátidé, nínú òjò? Mo gun àpótí, mo yọjú lórí fẹ́ǹsì. Omi tí mo dá dúró ti ṣẹ́rí sọ́dọ̀ màmá, ó ti gun ògiri yàrá wọn dé orókún.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé òòlù. Mò ń fọ́ búlọ́ọ̀kù, mò ń sunkún, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí fẹ́ǹsì là, omi gba àgbàlá mi kọjá, ó kó gbogbo ata tí ìyàwó mi gbìn lọ. Mo sáré wọlé màmá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè, agogo wà lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, omi ò jẹ́.

"O pẹ́," ni wọ́n wí, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì.

"Ẹ má bínú, màmá. Mi ò tètè gbọ́ agogo ni."

"Kì í ṣe ti agogo. Oṣù mẹ́jọ lo ti padà wálé. Àfi ìgbà tí òjò lé ọ wọ ulé mi."

Mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gun ẹ̀yìn mi, mo pọ̀n wọ́n lọ sílé wa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bíríkìlà fọwọ́ kan ògiri yàrá màmá, amọ̀ sì ya sí i lọ́wọ́. Ó ní ká ní omi ti pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀ ni, orí bẹ́ẹ̀dì ni ògiri ì bá wó sí. A tún ìdí ògiri náà mọ. Àwọn ará àdúgbò ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, màmá ò sì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń sọ pé òjò pọ̀ ni. N ò lè dúpẹ́ ìyẹn tán. Ibi tí mo fọ́ lára fẹ́ǹsì, mi ò jẹ́ kí wọ́n dí i. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ kí wọn láràárọ̀ báyìí, wọ́n á fún mi lẹ́kọ gbígbóná, wọ́n á sọ ìtàn bàbá mi tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí, bí bàbá ṣe ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ejò. Mo máa ń wo ògiri yàrá náà bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀. Mo pẹ́ lóòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ògiri amọ̀ yẹn dúró dè mí.