Irin Tí Òkun Kò Tíì Jẹ Tán

Aránṣọ ni obìnrin náà. Òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbé, nínú yàrá kan àti ilé ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Zíìpù tó bàjẹ́, ṣòkòtò tó gùn jù, aṣọ iléèwé: ohun tó ń bọ́ ọ nìyẹn. Opó Wẹ́dà ni àdúgbò ń pè é, torí wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀ kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù orí òkun. Ọkọ̀ náà rì lọ́dún tí ọmọ wọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Àwọn tó wà lókè rí ọkọ̀ kékeré bọ́ sí. Wẹ́dà wà nísàlẹ̀, ní yàrá ẹ́ńjìnnì, kò sì jáde. Ọmọ yẹn náà ti di bàbá ọmọ báyìí, nílẹ̀ òkèèrè.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tu obìnrin náà nínú: iyọ̀ òkun kì í fi irin sílẹ̀. Ìṣó téèyàn gbàgbé sẹ́yìn ilé, òjò díẹ̀, ó ti dípẹtà. Áńbọ̀sìbọ́sí irin tó wà nísàlẹ̀ òkun! Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ̀ náà ti jẹ tán tipẹ́, ilẹ̀kùn ti ṣubú, ọkọ òun ò sí níbi tí wọ́n sé e mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, kò sì mú aṣọ kankan lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹnjinníà ni mí ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó èbúté. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó rì yẹn ni mo bá wá.”

Aránṣọ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ọ̀rọ̀ wo ló tún kù nínú ìyẹn?”

“Epo ṣì wà nínú táńkì ẹ̀, Mà. A fẹ́ mọ ìgbà tí irin ẹ̀ máa lu, kí epo má bàa dà sókun. A máa gé awẹ́ kékeré kan lára ẹ̀ wò. Àmọ́ òfin ní ká kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹbí àwọn tó kù sínú ẹ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ gé? Ṣé òkun ò tíì jẹ ẹ́ tán ni?”

“Ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn.” Ẹnjinníà jókòó sórí àpótí. “Irin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sómi iyọ̀ máa ń tètè jẹ. Tó bá yá, ìpẹtà á bò ó bí ẹ̀wù, afẹ́fẹ́ inú omi ò ní ráyè dé ara ẹ̀ mọ́, jíjẹ náà á rọlẹ̀. Èèyàn á rò pó ti parí. Àmọ́ àwọn kòkòrò tíntìntín kan wà tí wọn ò nílò afẹ́fẹ́, abẹ́ ẹ̀wù yẹn ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á tún dá wàhálà náà sílẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fi ọdún àkọ́kọ́ ṣírò ọgbọ̀n ọdún, á ṣì í.”

“Bí ìgbéyàwó,” ni aránṣọ wí.

Ẹnjinníà ti rẹ́rìn-ín kó tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in.

Nígbà tó lọ tán, aránṣọ pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Màámi, ẹ fọwọ́ sí i fún wọn. Irin lásán mà ni. Mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà.”

Kò pè padà. Aránṣọ fọwọ́ sí i, ó sì ní òun máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé e.

Lọ́jọ́ náà, òkun ń ru. Ẹnjinníà di etí ọkọ̀ tó gbé wọn mú, ó ń bì. Aránṣọ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gbogbo ìwé tó o kà nípa òkun, òkun ò tíì gbọ́.” Òmùwẹ̀ tó máa gé irin náà, tó ń di ìgbànú rẹ̀ lọ́wọ́, bú sẹ́rìn-ín, ó sì wọ abẹ́ omi lọ.

Ohun tó gbé bọ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìkarawun ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìpẹtà ti bò ó ní ìpele-ìpele. Abẹ́ ìpẹtà náà dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹnjinníà ha á, ó fọ̀ ọ́, irin funfun yọ. Ó wọn bó ṣe nípọn tó, ó wo àwòrán tí wọ́n fi kan ọkọ̀ náà, ó tún un wọ̀n.

“Ó kù ju ìdajì lọ! Pẹ̀lú bó ṣe ń lọ yìí, ó ṣì máa pẹ́ gan-an kó tó lu. Àyè wà láti fa epo ẹ̀.”

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Aránṣọ gba irin náà, ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

“Ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnnì ńkọ́?”

Òmùwẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ó wà ní títì, Mà.”

“Ẹ ò lè bá mi ṣí i?”

“Inú ẹ̀ lè wó léèyàn lórí, Mà. Èmi náà níyàwó nílé.”

“Ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò ní sọ ọmọ ọlọ́mọ di opó ẹgbẹ́ mi.”

Nígbà tó délé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn oníbàárà kanlẹ̀kùn, ó sú wọn, wọ́n lọ. Ọkọ tó ti tú sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni wọ́n tún wá tìlẹ̀kùn mọ́, kò sì mọ ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Láti ìgbà náà, kì í ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́ tó bá fẹ́ sùn, bí òtútù ti wù kó mú tó.

Wọ́n fa epo náà tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Ẹnjinníà ti kúrò ní èbúté yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wọn ọkọ̀ náà níbẹ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n lè mọ ìgbà tó máa wó, òun náà a máa béèrè èsì lọ́wọ́ wọn, á sì pe aránṣọ láti sọ ohun tí wọ́n bá. Aránṣọ á gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ ǹlẹ́, Mà. Díẹ̀ báyìí ló jẹ lọ́dún yìí. Kò tiẹ̀ tó nǹkan.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Mà.”

Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n máa ń sọ. Wọn kì í sì tètè gbé fóònù sílẹ̀.