Ẹja Gbígbẹ Nínú Séèfù Adédọ̀tun

Ìbọn mẹ́sàn-án ni Adédọ̀tun ní nínú ilé rẹ̀ ní ìlú Mesquite lókè òkun, kò sì tíì fi ọ̀kankan nínú wọn pa ohunkóhun tó ń mí. Bébà ló máa ń yìn wọ́n sí. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, òun àti Albert, òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì, á jọ lọ sí pápá ìyìnbọn, wọ́n á dá ihò sí bébà lára, wọ́n á sì ká a wálé. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fọ́tò egungun ló ń yà ní ọsibítù. Ó mọ ohun tí ọta ń ṣe lára èèyàn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un.

Fèyísọ́lá ìyàwó rẹ̀ kò wàásù. Òfin ló ṣe. Òfin náà ò gùn: ìbọn gbọ́dọ̀ wà nínú séèfù, ọta gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí mìíràn lọ́tọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló sì gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ kí séèfù tó ṣí. Ọjọ́ tí ẹnì kẹta bá mọ̀ ọ́n, ìbọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á kúrò nínú ilé. Ìtùnú ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì ti ń ṣí ohun tí àgbà ń tiraka láti ṣí.

Séèfù náà ga ju Adédọ̀tun lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé iná ò lè ràn án fún wákàtí kan, pé olè tó bá gbé irin wá á kàn làágùn lásán ni. Wọn ò kọ nǹkan kan nípa ìyá ìyàwó.

Màmá Fèyí dé láti Ẹ̀pẹ́ lóṣù kẹrin, kí ó lè lo oṣù márùn-ún pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Tọ́láṣe, àbúrò Fèyí, ní Euless ló kọ́kọ́ sọ̀ sí, ibẹ̀ ni ìdajì ẹja gbígbẹ tó gbé wá sì ti bu. Bí ẹni ń túfọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Fírísà ńkọ́? Ó ní fírísà máa ń pa adùn ẹja.

Sátidé tó dé Mesquite, ó bá Adédọ̀tun nídìí séèfù, tó ń gbé ìbọn tó kó ti pápá bọ̀ padà sáyè rẹ̀. Màmá ki ọwọ́ bọ inú ibẹ̀.

"Bàbá Ìtùnú, inú ibí yìí gbẹ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, kí ìbọn má bàa dógùn-ún."

Màmá wo àwọn ìbọn náà bí ẹni ń wo àlejò tó lọ jókòó sórí àga onílé. "Ẹ bá mi sún àwọn wọ̀nyí díẹ̀."

Kí ni ọkùnrin á sọ? Àna ní kó sún ìbọn, ó sún ìbọn. Apẹ̀rẹ̀ ẹja kan wọlé lọ́jọ́ náà, èkejì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Sátidé kejì, Albert gbé ìbọn gígùn Adédọ̀tun sójú ní pápá, ó gbé e kúrò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbé e sójú.

"Òróró wo lo fi ń nu eléyìí?"

"Ti ìlú wa ni."

Albert bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ẹja inú séèfù kọ́ ló le. Èyí tó le ni pé Adédọ̀tun ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, Màmá kì í sì í mọ iye ẹja tí ọbẹ̀ máa gbà àfi tí ọbẹ̀ bá ti wà lórí iná lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí Adédọ̀tun gba ìsinmi, Màmá bá a ní pálọ̀ pẹ̀lú abọ́ òfìfo.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ fún mi ní nọ́ńbà yẹn jàre. Èèyàn kì í ṣagbe ẹja ara ẹ̀."

Adédọ̀tun ti la ẹnu. Wọn ò kọ́ ọ nílé pé èèyàn lè kọ̀ fún àna. Ìgbà náà ni Ìtùnú fi ẹsẹ̀ kan fò kọjá láàárín wọn, ó ń kọrin: "Tuu, sẹ́fìn, naìn, fọ́ọ̀! Tuu, sẹ́fìn, naìn, fọ́ọ̀!"

"Orin kí nìyẹn?"

"Nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí fóònù mi ni," Màmá sọ, inú rẹ̀ dùn. "Mo máa ń pè é síta kí n má bàa ṣì í tẹ̀. Orí ọmọ yìí pé o! Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbọ́ ọ."

Adédọ̀tun pa ẹnu dé. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lélẹ̀. Màmá rò pé ìkíni ni, ó ti súre dé ìdajì kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ẹ dákun, Mà. Mi ò lè sọ ọ́."

Màmá pe Fèyí ní ilé oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn fóònù jáde sí gbangba kí ayé lè gbọ́.

"Dọ̀tun, sọ ọ́ fún màmá mi jọ̀ọ́. Aláìsàn wà níwájú mi."

"Tí mo bá sọ ọ́, ẹnì kẹta ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Ẹnì kẹta wo? Màmá mi ni!"

"Ṣé ìbọn ò ní lọ?"

Obìnrin tí kì í purọ́ ni Fèyí. "Ìbọn á lọ."

"Ìtùnú ti há nọ́ńbà fóònù Màmá sórí. Fetí sílẹ̀."

Ọmọ náà ṣì ń kọ ọ́ lọ ní kíṣìnì. Fèyí fetí sílẹ̀. Aláìsàn náà fetí sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Fèyí sọ níkẹyìn. "Ẹnikẹ́ni ò ní sọ ọ́ fún yín. Dọ̀tun, dìde nílẹ̀."

Ojú rẹ̀ ò tó ilé, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni Màmá fi jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja níṣojú gbogbo wọn, bí ẹni ń jẹ́rìí ní kóòtù. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Adédọ̀tun gbọ́ ọ tó ń bá Tọ́láṣe sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì kọ̀." Ó gbọ́ èsì. "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó sọ nọ́ńbà báǹkì rẹ fún mi kí n tó bọ́ bàtà? Gbé ẹnu dákẹ́."

Láti ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni Màmá máa ń dúró níwájú séèfù pẹ̀lú abọ́. Ó ti máa ń ṣírò iye ẹja tí ọbẹ̀ ọjọ́ náà máa gbà kó tó dé ibẹ̀. Á kọ ẹ̀yìn sí Adédọ̀tun, á dijú, bí ẹni tí àna rẹ̀ ń wẹ̀.

"Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán?"

"Ó ku méjì, Mà."

"Ẹ má kánjú. Mi ò bojú wẹ̀yìn."