Sáfà Orúkọ tí Mo Gbé Sílé

Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní yàrá àlejò mi ní Ọ̀wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kò tó Bíbélì ní títóbi. Sáfà orúkọ ni. Bí ẹnì kan bá tẹ orúkọ sáìtì ẹbí wa sórí fóònù rẹ̀, ní ibikíbi tó bá wà láyé, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yìí ni ìbéèrè ń wá pé, níbo ni sáìtì yìí wà? Òun a sì fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ mìíràn tí mo háyà, níbi tí sáìtì náà wà gan-an, dáhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì ní kí n gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ tó ń ṣe é. Mo kọ̀. Alágídí ni mí, ohun tí mo bá lè fọwọ́ ara mi ṣe, n kì í fún ẹlòmíràn ṣe.

Iná nìkan ló ń bà mí lẹ́rù nígbà náà. Bí iná bá lọ, tí bátìrì sóólà mi náà sì kú, orúkọ wa á pòórá láyé títí iná á fi dé. Ni mo bá ta ọgbọ́n kan. Mo kọ ọ́ sínú sáfà pé kí ẹnikẹ́ni tó bá gba ìdáhùn lọ́dọ̀ mi fi pamọ́ fún ọjọ́ méje kó tó tún wá béèrè. Bí iná bá lọ, kò kàn wọ́n. Orí mi wú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń ṣọ́ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà, tó ń fi ìlú tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti wá hàn: àbúrò mi ọkùnrin. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tó ti ń bá wa yodì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko bàbá wa ní Àfò ló dá ìjà sílẹ̀, èmi ni mo sì lé e jáde níbi ìpàdé ẹbí. Ó wà ní ìlú kékeré kan lókè òkun. Nọ́ńbà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa kò lọ mọ́, bí a bá kọ̀wé sí i kì í fèsì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá wa ti ń ṣàìsàn, tí mo sì ń kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí sórí sáìtì, ìbéèrè kan ń wá láti ìlú náà ní Sátidé Sátidé. Èèyàn wa mìíràn kò sí níbẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí mo bá ti rí ìbéèrè yẹn, ara mi á balẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìdóàní mú ọjọ́ ìsìnkú, mo sì kọ ọ́ sórí sáìtì. Sátidé pé, ìbéèrè dé láti ìlú àbúrò mi. Mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ rán wa létí pé ọjọ́ tí a mú ti bọ́ sínú ọdún Igogo, tí wọ́n ń fi agogo ṣe, ìlù kò sì ní dún nílùú. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni ìyá wa, kò sí ẹni tó fẹ́ sin ín láìsí ìlù. Wọ́n fà á wá sí Fúráìdè tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú ti àkọ́kọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo kó sáìtì wa lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, torí mo ti ń gbèrò rẹ̀ tipẹ́, mo sì yí àdírẹ́sì inú sáfà padà sí tirẹ̀. Orí tuntun yìí nìkan ni mo kọ ọjọ́ tuntun sí. Mo pa àkáǹtì mi tó wà lọ́dọ̀ àwọn tí mo ń háyà ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìkánjú ni tèmi.

Ní Túsìdè, akọ̀wé ìjọ wa wo fóònù rẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò tíì yí ọjọ́ yìí padà ni?"

Mo gba fóònù náà. Ọjọ́ àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ìdáhùn àtijọ́ tí sáfà mi fún un ló ṣì ń lò, ó sì ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ àtijọ́, níbi tí n kò lè wọ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìka. Sátidé ni àbúrò mi gba ìdáhùn tirẹ̀. Sátidé ló máa tó tún béèrè. Fúráìdè la ó sin ìyá rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ àtijọ́. Wọ́n ní mo ti pa àkáǹtì mi rẹ́, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe, ìparí oṣù ni àwọn máa tó paná ẹ̀rọ náà. Mo dín ọjọ́ méje kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èyí tó ti bọ́ ti bọ́. Mo kọ̀wé sí àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò fèsì. Mo rò ó pé kí n lọ bẹ àwọn àgbà kí wọ́n sún ìsìnkú síwájú, ojú tì mí. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ẹni tí mo fẹnu ara mi lé ni kí wọ́n dúró dè? Wẹ́sìdè àti Tọ́sìdè, ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n jẹun.

A sin ín ní Fúráìdè. Ìlù dún, fèrè dún. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń yíjú.

Ní Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ìbéèrè wọlé láti ìlú àbúrò mi. Sáfà mi dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Kò pẹ́, fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ ti sin ín?"

"A ti sin ín lánàá."

"Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Túsìdè ni mo fẹ́ gbéra. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ kí n má baà wá, àbí?"

Mo búra. Mo ṣàlàyé sáfà, iná, ẹ̀rọ àtijọ́, ọjọ́ méje, gbogbo ọ̀rọ̀ ń gorí ara wọn lẹ́nu mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọjọ́ méje yẹn," ó wí, "ta ló fi í síbẹ̀?"

"Èmi ni," mo wí.