Ibi Tí Igi Ńlá Ṣíji Bò

Àwọn ará ilé wa tó bá wá kí wa ní Port Harcourt máa ń sọ pé kò sí ẹni tó mọ ìlú yìí rìn bí èmi. Wọ́n rò pé fàájì ni. Mo mú àbúrò ọkọ mi kan rìn ní Old GRA, láàárín àwọn ilé tí àwọn òyìnbó ìjọba gbé láyé ìjọ́un. Igi etí títì méjèèjì pàdé lókè ibẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì jókòó sínú ọgbà tirẹ̀, ó jìnnà sí géètì. Ó ya fọ́tò títí bátìrì fóònù rẹ̀ fi kú.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kúkú ṣí ọ́fíìsì, kí ẹ máa gba owó lọ́wọ́ àlejò."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún un pé ojú oórì ọmọ mi ni mo ń wá.

Ọdún 1999, nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, ni ọkọ mi rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan níbí, tí a fi kó wá láti Iléṣà. A gba yàrá méjì ní Choba, nítòsí yunifásítì. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré, mo ń ta búrẹ́dì, mílíìkì, ìwé àti bírò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni a bí ọmọbìnrin kan. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni gbogbo àdúgbò ti ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí. Pijin ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ sún mọ́ ọn, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "I no go chop." Bàbá rẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i, àlejò la bí."

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. A gbé e dé ọsibítù, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kú.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú náà ló wá bá wa, àwọn ọkùnrin mẹ́ta. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ bí ó ṣe máa ń rí: òbí kì í sin ọmọ, a kì í sì í fi ibi tí ó sùn sí han òbí. Kristẹni ni gbogbo wa, pásítọ̀ wa náà wà níbẹ̀, ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù kí wọ́n gbé e, wọ́n ní kí èmi àti ọkọ mi wọ yàrá. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn dì mí mú láti ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Alága ẹgbẹ́ náà ló pẹ́ jù nínú wọn. Ó jókòó tì mí, n kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ibi tó dára ni a gbé e sí. Ilé àwọn òyìnbó àtijọ́ ń bẹ nítòsí, igi ńlá ṣíji bò ó, atẹ́gùn odò ń fẹ́ sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo rí mú.

Agbè kò fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò fi orúkọ ọmọ náà pè mí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹnu wọn níjàánu. Mo di Màdáámù oníṣọ́ọ̀bù.

Ìrìn mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún kan. Old GRA ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé òyìnbó pọ̀ sí. Igi wà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn odò kò dé gbogbo ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́ kí àlejò gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Mo lọ sí ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Mo lọ sí etí odò ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ ẹja yíyan tí wọ́n ń wo ọkọ̀ ojú omi. Mo wọ itẹ́ òkú àtijọ́, mo ń ka orúkọ àwọn òyìnbó lára òkúta, mo sì ń wo àárín wọn bóyá n ó rí òkìtì kékeré. Ọkùnrin kan tó ń ṣán koríko dá iṣẹ́ dúró.

"Madam, who you dey find?"

Mo ní n kò wá ẹnikẹ́ni, mo kàn ń wòran ni.

Ó ní, "Here no be park o," ó sì ń ṣán koríko rẹ̀ lọ.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó mọ ìlú. Bí mo bá gbọ́ pé ilé àtijọ́ kan wà níbì kan, màá ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé, màá wọ mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló lẹ́wà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn tí mo mú lọ ló sọ fún mi. Ní tèmi, bí mo bá ti rí igi tó tóbi, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ni mo máa ń wò. Nígbà tó yá, eruku dúdú láti inú èéfín àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run ní ìlú yìí. Bí a bá fi ìka nu ewé, ìka á dúdú. Síbẹ̀, mo ń rìn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ mi tẹ̀ lé mi. Mo ti gbọ́ nípa ilé ẹrù kan tí àwọn oníṣòwò òyìnbó fi sílẹ̀ létí odò, tí ó ku ògiri nìkan. A débẹ̀, igi ńlá kan wà lóòótọ́. Ọkọ mi jókòó sórí ìtì igi kan, ó ń wo omi.

Ó ní, "Kí la wá wò níbí?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́."

Ó ju òkúta kan sínú odò. Ó wá ní, "N kò rò pé ibí ni. Mo ti wá wò ó rí."

A kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A padà sílé, mo dáná alẹ́. Kò tẹ̀ lé mi mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Méjì ti kú nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn. Alága ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Iléṣà. Nígbà tí mo lọ sin ìyá mi, mo yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó dá mi mọ̀. Ó tilẹ̀ rántí ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé mo ń bèèrè. Igi wo ni?"

"Igi kí ni?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún mi, n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìyá ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Alága tí mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́ mi. Ó ní kí a má máa dá ìyá ọmọ dá ìrònú."

"Kò sí igi?"

"Kò sí igi."

"Odò ńkọ́, sà?"

"Oko ẹ̀gẹ́ ni, ní ọ̀nà Aluu. Onílẹ̀ kan ló ṣàánú wa, ó fún wa ní kọ̀rọ̀ kan. A tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. A kì í fi àmì sí ti ọmọdé, ìwọ náà mọ̀."

Mo bi í pé ọwọ́ wo ni oko náà wà bí ènìyàn bá ń ti Choba bọ̀. Ó ní òsì. Ó ronú, ó ní bóyá ọ̀tún ni. Ó wá bi mí bóyá a bí àwọn mìíràn.

Mo ní, "A dúpẹ́, sà."

Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Agbè kò fọ́."

N kò lè bínú sí i. Wọ́n ní kí ẹsẹ̀ ìyá má bàa mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni a ṣe ń fi í pamọ́. Kò sí ẹni tó rò ó pé ẹsẹ̀ náà yóò rìn ká gbogbo ìlú.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà ni mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà Aluu. Ọ̀nà tí mo ti ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, mo máa ń gbé ọjà gba ibẹ̀. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ báyìí, ògiri fara kan ògiri lọ́wọ́ méjèèjì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró. N kò mọ géètì tí n ó kọjú sí. Ọkùnrin kan tó ń bójú tó ilé jáde wá, kọ́kọ́rọ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mama, na room you dey find for your pikin?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Boy abi girl?"

"Girl."

"Which level she dey?"

Kò dúró de èsì, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n wo táìlì, ó ní omi wà, iná wà, kò sí wàhálà. Mo wo ilẹ̀. Táìlì funfun ni, láti ògiri dé ògiri. Mo bi í kí ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Ó ní oko ẹ̀gẹ́. Mo fẹ́ bèèrè nípa ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e. Ó ṣí yàrá mìíràn, ó tún ṣí òmíràn. Ó ní bí èyí kò bá wù mí, yàrá wà nínú ilé tó tẹ̀ lé e.

Mo ní, "That one too na cassava farm before?"

Ó wò mí dáadáa, bí ẹni tí ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. "Mama, everywhere for this road na cassava."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé kó rọra gbé mi lọ.

Mo ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ọ̀nà Aluu máa ń wá ra búrẹ́dì, mo sì ń fún wọn ní ṣéńjì. Bí àlejò bá ti ilé wá báyìí, tó ní kí n mú òun rìn, mo máa ń sọ fún un pé kò sí ohun tí a lè wò.