Ẹni Tí Kò Fẹnu Kan Irin

Tíṣà ni Ṣẹ́gunfúnmi ọmọ mi, béèsì ló sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wa. Kì í ṣe ọmọ tó ń wá ìjà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àwọn ajínigbé ti pa bàbá rẹ̀ sóko iṣu wa lọ́nà Ìjàgbò, ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́. Ó ní òun á máa bá àwọn ọdẹ ìlú wọgbó lọ wá wọn.

Kí ọdẹ tó bá ọdẹ wọgbó báyìí, wọ́n á fẹnu kan irin, wọ́n á búra pé àwọn ò ní dalẹ̀ ara àwọn. Ọmọ mi ní Bíbélì lòun lè fi búra. Fáṣakin, olórí ọdẹ, rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, Ọlọ́run tiyín máa ń dárí jini. Irin kì í dárí ji ẹnikẹ́ni."

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè ṣe é."

"Ó dáa. Iwájú ni wàá máa rìn, ká lè máa rí ẹ̀yìn rẹ."

Bí ajínigbé ṣe wà níwájú ọmọ mi nìyẹn, tí ìbọn àwọn tí kò fọkàn tán an sì wà lẹ́yìn rẹ̀. 

Caroline, ìyàwó rẹ̀, ò lè pa á mọ́ra. Níbi àdúrà Ọjọ́rú, ó dìde, ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà, pé ọkọ òun àtàwọn ọdẹ fẹ́ lọ ká àwọn èèyàn náà mọ́bi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí létí odò lọ́la. Àlùfáà wa gbà á ládùúrà tọkàntọkàn. Ó dárúkọ odò, ó dárúkọ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ títì ni sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa kọjú sí, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbọ́. Àmín là ń ṣe.

Nígbà tí àwọn ọdẹ débẹ̀, eérú gbígbóná ni wọ́n bá.

Fáṣakin wá sílé wa. Kò jókòó, kò gba omi.

"Ìyá Tíṣà, ẹnì kan ṣoṣo ni ò búra nínú wa."

Ṣẹ́gunfúnmi wo ìyàwó rẹ̀, ó gbójú kúrò. Mo rí i pé ọmọ yìí á fẹ́ kú ju kó dárúkọ rẹ̀ lọ.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ ti jáde," mo ní. "Àdúrà la gbà."

"Àdúrà?"

"Sípíkà ló gbé e jáde."

"Ṣé etí Ọlọ́run yín di ni? Ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́? Mo gbà yín gbọ́, ìyá. Kò sẹ́ni tó lè jókòó kó ro irú irọ́ yìí. Àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi ò ní gbà. Tó bá tún jáde, mi ò ní lè dá wọn dúró."

Mo bẹ ọmọ mi pé kó má lọ mọ́. Ó ní bóun bá dúró sílé nísinsìnyí, wọ́n á ní òun ni ọ̀dàlẹ̀ náà lóòótọ́.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, inú igbó ló wà. Àlùfáà béèrè ẹni tó ní kókó àdúrà. Ẹnì kan dìde nítorí ìdánwò ọmọ rẹ̀, ẹnì kan nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Àlùfáà wá gbójú sókè wò wá.

"Màmá, Ṣẹ́gun wa ńkọ́? Kí la fẹ́ bá yín gbàdúrà lé lórí?"

Caroline di ọwọ́ mi mú.

"Kò sí, sà," mo ní. "Ó wà nílé, ó ń sùn."